Àtàǹpàkò Tó Mọ Ìwọ̀n

Mo bọ̀wọ̀ fún mẹkáníìkì tó mọ bí a ṣe ń fa fáànù bẹ́líìtì le níwọ̀n. Iṣẹ́ náà kì í pẹ́, ṣùgbọ́n ó gba ọgbọ́n ọwọ́.

Yóò kọ́kọ́ pa ẹ́ńjìnì. Á yẹ bẹ́líìtì wò bóyá ó ti sán, bóyá ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti ń dán, bóyá ọ́ìlì ti kàn án, nítorí ẹ̀gbẹ́ ni bẹ́líìtì tó rí bíi lẹ́tà V fi ń di púlì mú. Lẹ́yìn náà, á fi àtàǹpàkò tẹ àárín ibi tó gùn jù láàárín púlì méjì. Bó bá tẹ̀ wọlé ní nǹkan bí ìdajì íńṣì, ó tó. Bó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, á dẹ bóòtù ọ́tánétọ̀, èyí tí bẹ́líìtì ń yí láti fún bátìrì níná, á fi irin ti ọ́tánétọ̀ náà sẹ́yìn díẹ̀, á de bóòtù náà padà, á sì tún tẹ bẹ́líìtì wò.

Ìwọ̀n yẹn ni ẹwà iṣẹ́ náà. Bẹ́líìtì tó dẹ̀ á máa yọ̀, á máa han, bátìrì kò sì ní gba iná tó. Níbi tó bá ti ń yí pọ́ǹpù omi pẹ̀lú, ẹ́ńjìnì á gbóná. Èyí tó le jù, bíárìn ni yóò bà jẹ́. Mẹkáníìkì gidi tún mọ̀ pé bẹ́líìtì tuntun máa ń nà, yóò sì ní kí ọlọ́kọ̀ padà wá kí òun tún un tẹ̀ wò. Ẹni tó bá rí irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀, kó mọyì rẹ̀.