Ìkìlọ̀ Tí Ọ̀dọ́ Kò Rí Kà

Gbólóhùn kan ni mo fẹ́ yẹ̀ wò níhìn-ín. Kò sí nínú ìwé ewì tàbí ìtàn àròsọ kankan, síbẹ̀ ó dá mi lójú pé àwọn tí ó mọ̀ ọ́n lórí kò kéré. Òun ni wọ́n fi ń kádìí ìpolówó sìgá nílẹ̀ Nàìjíríà fún ọ̀pọ̀ ọdún, tí wọ́n sì tẹ̀ sára páálí sìgá: pé Ilé-iṣẹ́ Ìlera Ìjọba Àpapọ̀ ń kìlọ̀ pé ó ṣeé ṣe kí àwọn amusìgá kú ní rèwerèwe. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́. Mo fẹ́ kà á bí a ti ń ka iṣẹ́ ọnà: ta ní ń sọ̀rọ̀, ta ni ó ń bá wí, ǹjẹ́ ọ̀rọ̀ náà sì bá ẹni tí a torí rẹ̀ sọ ọ́?

Ọ̀dọ́ ni ó yẹ kí a torí rẹ̀ sọ ọ́. Ìròyìn tí ọ̀gá àgbà fún ètò ìlera ní Amẹ́ríkà gbé jáde ní 2012 fi hàn pé nínú àgbàlagbà 10 tí ń mu sìgá lójoojúmọ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 9 tí ó ti tọ́ ọ wò kí wọ́n tó kọjá ọmọ ọdún 18. Ṣùgbọ́n kí ni ikú jẹ́ lójú ọmọ ọdún 15? Ọ̀ràn àwọn àgbà ni. Ó sì ṣeé ṣe kí òun fúnra rẹ̀ mọ bàbá arúgbó kan tí ń fa tábà nínú ìkòkò rẹ̀ títí irun fi funfun lórí rẹ̀. Richard Doll àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tọpa àwọn dókítà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún 50 ọdún. Ohun tí wọ́n kọ ní 2004 ni pé nǹkan bí ọdún 10 ni sìgá ń gé kúrò nínú ẹ̀mí ẹni tí ó mu ún títí ayé. Àdánù ńlá ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ì bá lo 80 ọdún tí ó lo 70 kò kú ní rèwerèwe, ọmọdé sì mọ èyí. Bí ó bá ti rí àsọdùn níbì kan, gbogbo ìkìlọ̀ náà ni yóò dànù.

Àwọn ọ̀dọ́ tí mo ti bá sọ̀rọ̀ kì í dárúkọ ikú. Òórùn ni wọ́n ń dárúkọ: òórùn ẹnu, òórùn aṣọ, òórùn ìka tí ọṣẹ kò ràn. Wọ́n ń sọ bí wọ́n ti ń yà bàrá kí ìyá má baà gbóòórùn wọn, àti bí ẹni tí ọkàn wọn fẹ́ ṣe gbé ojú sápá kan nígbà tí wọ́n sún mọ́ ọn. Wọ́n ń sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù pẹ̀lú. Ẹni tí ń sá eré láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin lánàá, lónìí ó ti gbá orúnkún mú, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Kò ṣe àjèjì, nítorí gáàsì carbon monoxide inú èéfín ń gba ipò afẹ́fẹ́ ọ́síjìn nínú ẹ̀jẹ̀, ẹ̀dọ̀fóró ọmọdé kò sì tíì dàgbà tán. Ti obìnrin tún le. Ọkùnrin tí a bá pẹ̀lú sìgá, ọmọkọ́mọ ni wọn yóò pè é. Obìnrin, aṣẹ́wó ni. Nítorí náà kò ní lè sọ fún ẹnikẹ́ni pé òun fẹ́ jáwọ́.

Èyí tí ó wú mi lórí jù lọ nínú ọ̀rọ̀ wọn ni ti ìdánìkanwà. Ẹgbẹ́ ni wọ́n torí rẹ̀ kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 10 sí 20 ni nikotíìnì fi ń dé ọpọlọ, kò sì pẹ́ tí ara fi ń bèèrè rẹ̀. Ní àsìkò ìsinmi, ẹni tí ó kọ́ sìgá nítorí ojú ẹgbẹ́ ti wà lẹ́yìn ilé ìgbọ̀nsẹ̀ níbi tí ẹgbẹ́ kankan kò ti lè rí i.

Àwọn fíìmù wa kò tíì rí ibẹ̀ yẹn. Jàǹdùkú ni wọ́n sábà máa ń fi sìgá sí lẹ́nu, bóyá kí a lè kórìíra rẹ̀. Àmọ́ kí ó tó gba ìdájọ́ ní ìparí, gbogbo àdúgbò ti wárí fún un fún wákàtí kan ààbọ̀. Èwo ni ọmọdé yóò rántí?

Òfin 2015 sọ pé a kò gbọdọ̀ ta sìgá fún ẹni tí kò tíì pé ọdún 18, a kò sì gbọdọ̀ tú páálí tà ní ẹyọ. Síbẹ̀ ẹyọ ni mo ń rí tí wọ́n ń tà ní ìsọ̀ ojú títì. Onísọ̀ á fa ẹyọ kan yọ, ọmọ á fi láítà tí a so okùn mọ́ lára ìsọ̀ tanná sí i, á sì ra TomTom kan láti fi pa òórùn ẹnu. TomTom yẹn ni ìkìlọ̀ tí òun fúnra rẹ̀ kọ. Ti ìjọba wà lára páálí, páálí sì wà lọ́wọ́ onísọ̀. Bí wọ́n bá ní kí n tún un kọ, Yorùbá ni n ó fi kọ ọ́, òórùn àti èémí ni n ó sọ níbẹ̀, ẹ̀gbẹ́ láítà náà ni n ó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́.