Ọ̀dọ̀ Ẹ̀gà Ni Kí Ẹ Ti Kọ́ Ọ

Níbi ayẹyẹ, ẹnu ayafọ́tò ni àṣẹ wà. Á ní kí ìyàwó gbé àgbọ̀n sókè díẹ̀, á ní kí ẹbí ọkọ sún mọ́ra, wọn á sì ṣe é. Ẹyẹ ò mọ gbogbo ìyẹn. Bó bá wù ú, á jókòó. Bí kò bá wù ú, á fò lọ, kò ní bi yín bóyá ẹ ti ṣe tán. Ayẹyẹ ni mo fi ń jẹun, ṣùgbọ́n fọ́tò ẹyẹ ni mo fẹ́ràn jù, torí pé kì í ṣe ẹni tí kámẹ́rà rẹ̀ wọ́n jù ló mọ̀ ọ́n yà. Ẹni tó mọ ìṣe ẹyẹ ló mọ̀ ọ́n yà.

Ọ̀pọ̀ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ ló máa ń sáré wọ igbó lọ wá ẹyẹ tí ẹnikẹ́ni ò rí rí. Inú igbó ṣókùnkùn, orí igi sì ga, ìdí ẹyẹ nìkan ni wọ́n ń yà bọ̀. Ìmọ̀ràn tèmi ni pé kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ ẹ̀gà. Ẹ wá ọ̀pẹ tàbí igi àgbọn tí wọ́n ti ya imọ̀ rẹ̀ jẹ́gẹjẹ̀gẹ, tí ìtẹ́ sì so rọ̀ jìngbìnnì sí i lára. Ariwo wọn gan-an á júwe ọ̀nà fún yín. Bí ẹ̀gà bá ti ń kọ́lé, kì í ṣí kúrò nídìí iṣẹ́. Bí fọ́tò tòní kò bá dára, ẹ padà lọ́la, ibẹ̀ náà lẹ ó bá a.

Ẹ kọ́kọ́ fi ojú lásán wò ó. Akọ ló ń hun ìtẹ́. Á bà sórí ewé, á fi ẹnu gé e díẹ̀ létí, á di ibi tó gé mú ṣinṣin, á wá fò. Bó ṣe ń fò lọ ni ewé náà ń ya tẹ̀ lé e, tẹ́ẹ́rẹ́, gígùn. Ẹni tó bá ti wò ó dáadáa mọ̀ pé tó bá ti tẹrí ba láti gé ewé, ó kù díẹ̀ kó fò; ìgbà yẹn ni ìka ń lọ sórí bọ́tìnì. Tí ìtẹ́ bá ń parí lọ, akọ á rọ̀ sábẹ́ rẹ̀, á dorí kodò, á máa gbọn ìyẹ́ kí abo lè wá yẹ ilé wò. Bí abo kankan kò bá gbà á títí ewé fi gbẹ, akọ náà á tú u palẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Kò sí fọ́tò ẹ̀gà tó dùn tó ti ijó abẹ́ ìtẹ́ yẹn. Ojú kan náà ló ti ń jó o, ẹ sì lè gbé kámẹ́rà kalẹ̀ dè é.

Lẹ́ǹsì 300 mm tó fún èyí. Fún ẹyẹ tó bà sórí ẹ̀ka, 1/500 ìṣẹ́jú àáyá sábà máa ń tó. Fún èyí tó ń gbọn ìyẹ́ tàbí tó ń fò, ẹ lọ sí 1/2000. Ojú ẹyẹ ni kí lẹ́ǹsì mú. Bí ìrù bá rí bàìbàì, a lè fara mọ́ ọn. Bí ojú bá rí bàìbàì, fọ́tò ti bàjẹ́ nìyẹn. Orí akọ ẹ̀gà dúdú, ẹyinjú rẹ̀ pupa, àárọ̀ tí oòrùn bá wà lẹ́yìn yín sì ni pupa náà ń yọ dáadáa. Tó bá di ọ̀sán gangan, gbogbo ojú á wọnú òjìji.

Tí ẹ bá ti mọ ẹ̀gà yà, ó kan lékeléke. Funfun tó funfun ni wàhálà rẹ̀. Bí kámẹ́rà bá rí pápá tútù rẹpẹtẹ tí ẹyẹ funfun kan wà láàárín rẹ̀, pápá ló ń wọn ìmọ́lẹ̀ fún, lékeléke á wá di nǹkan funfun báláú tí a ò rí ìyẹ́ kankan lára rẹ̀. Ẹ fọwọ́ ara yín dín ìmọ́lẹ̀ kù, ìyẹ́ á yọ. Kí ẹ sì máa wo ẹsẹ̀ màlúù: tata tí ẹsẹ̀ náà bá lé sókè ni lékeléke ń dúró dè.

Ẹran igbó ń gbóòórùn ọdẹ. Ní ti àwọn ẹyẹ wọ̀nyí, ìrísí ènìyàn àti ìrìn rẹ̀ ló ń lé wọn. Nítorí náà, ẹ jókòó sínú mọ́tò. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ yí gíláàsì wálẹ̀, ẹ gbé lẹ́ǹsì lé ìrọ̀rí lójú fèrèsé. Lékeléke tí ì bá fò ká ní ẹ sọ̀ kalẹ̀ á máa jẹ bọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín. Kí ẹ tó ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ kí olóko. Bàbá kan bi mí lọ́nà oko pé, “Ṣé ẹyẹ á sanwó fún ọ ni?” Mo ní, “Rárá o, bàbá.” Ó rẹ́rìn-ín títí, ló bá fi igbó kékeré tí ẹ̀lulùú ń sùn sí hàn mí.

Ìgbà yìí ni igbó tó kàn. Ní Lekki Conservation Centre, afárá orí igi tó gùn tó mítà 401 ń gbé ènìyàn dé ọ̀gangan ibi tí ẹyẹ wà, kì í ṣe pé à ń yà á láti ìsàlẹ̀ tí ojú ọ̀run á sọ ọ́ di òjìji. Igbó tó wà nínú ọgbà IITA n'Íbàdàn náà wà ńlẹ̀. Ẹyẹ kan ń gbé níbẹ̀ tó ń jẹ́ orúkọ ìlú náà, Malimbus ibadanensis, tí J. H. Elgood kọ nípa rẹ̀ fún àwọn onímọ̀ lọ́dún 1958. Ìwọ̀ oòrùn gúúsù Nàìjíríà nìkan ló wà ní gbogbo ayé, ó sì ti fẹ́ máa run. Mọ̀lẹ́bí ẹ̀gà ni, òun náà ń hun ìtẹ́ tó so rọ̀. Ẹni tó ti kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ẹ̀gà mọ ohun tó yẹ kó máa wò lórí igi.

Ọ̀rọ̀ kan ló kù. Ẹ má ṣẹ́ ẹ̀ka kúrò níwájú ìtẹ́ nítorí kí fọ́tò lè mọ́: bí ibòòji bá kúrò, oòrùn lè pa ọmọ ẹyẹ, tàbí kí àṣá rí wọn. Ẹ má sì fún ọmọdé lówó pé kó bá yín mú wọn wálẹ̀. Fọ́tò tó bá máa gba ẹ̀mí ẹyẹ, kò yẹ ní yíyà.