'HEAR' NÍ UWANI: Ọ̀RỌ̀ LÓRÍ GBÍGBỌ́ ÀTI ÀGBỌ́YÉ

Bí àgùnbánirọ̀ kan láti ilẹ̀ Yorùbá bá dé Uwani ní ìlú Enugu, tí ó sì wọ ọjà Kenyatta láti ra àgádágodo sí yàrá tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà, kò ní pẹ́ tí oníṣòwò kan yóò fi bi í ní èdè Gẹ̀ẹ́sì pé, 'Do you hear Igbo?' Àgùnbánirọ̀ náà yóò sì dáhùn wéré pé, 'I don't hear it.' Ọ̀rọ̀ ti yé àwọn méjèèjì. Ṣùgbọ́n bí ará ìlú London bá wà nítòsí, ẹnu yóò yà á gidigidi. Létí tirẹ̀, ohun tí ọmọ náà sọ ni pé ìró Igbo kankan kò wọ òun létí, nínú ọjà tí Igbo ti ń dún lọ́tùn-ún lósì!

Enugu kì í ṣe ìlú tí àlejò ṣọ̀wọ́n. Èédú tí wọ́n rí níbẹ̀ ní 1909, tí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í wà ní 1915, ni ó pe oríṣiríṣi ènìyàn jọ. Láti ìgbà tí ìjọba sì ti dá ètò àgùnbánirọ̀ sílẹ̀ ní 1973 ni àwọn ọ̀dọ́ Yorùbá ti ń lọ sìn ní ìhà ibẹ̀. Nítorí náà, ìbéèrè oníṣòwò yìí kì í ṣe ohun àjèjì.

Nínú iyàrá ìkẹ́kọ̀ọ́, bí akẹ́kọ̀ọ́ bá kọ irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, olùkọ́ a fi bíírò pupa fa ìlà sí i nídìí, a ní Yorùbá ni ọmọ náà ń túmọ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì, a sì ṣí ìwé kan ẹlòmíràn. Òtítọ́ ni olùkọ́ sọ, ṣùgbọ́n ààbọ̀ òtítọ́ ni. Kò sọ fún ọmọ náà ibi tí ọ̀nà ti yà.

Iṣẹ́ tí 'gbọ́' ń ṣe nínú èdè Yorùbá pọ̀. Etí a máa gbọ́ ìró. Ènìyàn a máa gbọ́ èdè, èyí tí a sún kì tí ó di 'gbédè'. Imú pàápàá a máa gbọ́ òórùn, bí ẹni pé imú náà ní etí tirẹ̀. Ọmọ tí ó bá sì ya alágídí, wọn a ní kò gbọ́ràn. Ohun tí ọ̀pọ̀ olùkọ́ èdè kò kà sí ni pé 'nụ' ti èdè Igbo ń rìn ní ọ̀nà kan náà. 'Ịnụ isi' ni kí ènìyàn gbọ́ òórùn. 'Ị na-anụ Igbo?' sì ni oníṣòwò ọjà Kenyatta gbé sí Gẹ̀ẹ́sì ní tààrà. Bí èdè méjèèjì ṣe fa 'hear' sí ìhà kan náà nìyí, tí àṣìlò náà kò fi rí alátakò ní Uwani. Ẹni tí ìbá tún ọ̀rọ̀ Yorùbá náà ṣe ni ó kọ́kọ́ sọ ọ́. Ta ni yóò wá kìlọ̀ fún ta ni?

A kò sì lè pe èyí ní àìmọ̀kan. Nínú ìtàn Ilé Ìṣọ́ Bábélì, ní Jẹ́nẹ́sísì orí kọkànlá ẹsẹ̀ keje, ọ̀rọ̀-ìṣe tí èdè Hébérù lò ni èyí tí ó túmọ̀ sí kí etí gbọ́. Àwọn atúmọ̀ Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì ti 1611 ní láti yí i sí 'understand'. Ní ti Yorùbá, kò sí wàhálà kankan níbẹ̀: 'gbọ́' bá a mu rẹ́gí. 'Entendre' ti àwọn Faransé náà ti jẹ́ gbígbọ́ àti òye pọ̀ rí.

Síbẹ̀, ibi kan wà tí àṣìlò yìí ti lè pa ènìyàn lára. Ká ní wọ́n pe ọmọ Yorùbá kan ní ẹlẹ́rìí ní kóòtù, tí ó sì sọ pé, 'I heard them when they were planning it.' Bí àwọn tí ó ń gbìmọ̀ bá ń sọ Igbo, agbẹjọ́rò yóò fẹ́ mọ̀ bóyá ohùn lásán ni ó gbọ́, tàbí ọ̀rọ̀ náà yé e. Òmìnira ẹlòmíràn lè wà lórí ìdáhùn náà. Níhìn-ín, ìlà pupa olùkọ́ kò tó rárá.

Ohun tí ó yẹ kí olùkọ́ ṣe ni kí ó fi Yorùbá fúnra rẹ̀ ṣe òṣùwọ̀n, nítorí pé Yorùbá kò ṣe aláìní ọ̀rọ̀ tí ó fi ń ya nǹkan wọ̀nyí sọ́tọ̀. Kí akẹ́kọ̀ọ́ mú 'gbọ́' kúrò, kí ó wo ohun tí yóò gba ipò rẹ̀. Bí 'yé' bá bọ́ sí i, 'understand' ni Gẹ̀ẹ́sì ń fẹ́. Bí 'tẹ́tí sí' bá bá a mu, 'listen' ni, èyí tí Igbo náà ń pè ní 'ige ntị', tòun ti etí nínú rẹ̀. Bí òórùn bá tẹ̀ lé e, 'smell' ni. Ìgbà tí ó bá ku ìró nìkan, tí ó wọ etí yálà ènìyàn fẹ́ tàbí ó kọ̀, ni 'hear' tó dé.

Èyí tí ó tún ń da àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láàmú ni 'I am hearing you', tí wọ́n mú láti inú 'mò ń gbọ́ ọ'. 'I can hear you' ni Gẹ̀ẹ́sì ń sọ. Ṣùgbọ́n bí adájọ́ bá jókòó tí ó ń gbọ́ ẹjọ́, 'The judge is hearing the case' tọ̀nà, nítorí pé iṣẹ́ ni adájọ́ ń ṣe, kì í ṣe pé ìró kàn wọ̀ ọ́ létí. Ibí yìí ni Gẹ̀ẹ́sì ti pàdé Yorùbá. Ní ti 'hear of' àti 'hear from', èyí àkọ́kọ́ ni pé ènìyàn mọ̀ pé ẹnìkan wà láyé. Èkejì ni pé ẹni náà fúnra rẹ̀ kọ lẹ́tà tàbí ó ránṣẹ́. Yorùbá lè sọ pé òun kò gbúròó ọmọ òun láti Enugu, yálà ọmọ náà ni kò kọ̀wé ni, tàbí ará ọ̀nà ni kò mú ìròyìn rẹ̀ wá. Ẹni tí yóò sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ èyí tí ó ń sọ nínú méjèèjì.