Ère Emotan ní Ìlú Bìní: Ohun tí Idẹ Sọ àti Ohun tí Ó Fi Sílẹ̀

Ọ̀pọ̀ aṣojú tó gba Bìní wá sí Warri ni yóò mọ ère Emotan tó wà lẹ́bàá Ọjà Ọba. Bí a bá ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ nípa rẹ̀, ọjọ́ kan àti orúkọ kan ni a sábà máa ń fún wọn: ogúnjọ́ oṣù kẹta ọdún 1954, tí Ọba Akenzua Kejì ṣí aṣọ lójú ère náà, àti John Danford, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tó mọ ọ́n. Lójú tiwa, ibẹ̀ kọ́ ni ìtàn náà ti bẹ̀rẹ̀.

Ìtàn àtẹnudẹ́nu sọ pé oníṣòwò oúnjẹ ni Emotan. Òun ló tú àṣírí ọ̀tẹ̀ tí wọ́n dì mọ́ Ọmọọba Ogun, ẹni tó wá jọba gẹ́gẹ́ bí Ewuare ní nǹkan bí ọdún 1440. Nígbà tí Emotan kú, Ewuare ní kí wọ́n gbin igi sí ibi tó ti ń pàtẹ, ibẹ̀ sì di ojúbọ. Ipò igi ni ère idẹ yìí bọ́ sí. Nítorí náà, ojúbọ ni, kì í ṣe ọ̀ṣọ́ ìgboro lásán. Ẹni tí yóò jọba ní Bìní ṣì ń dé ibẹ̀ júbà.

Síbẹ̀, a rí àléébù méjì. Lọ́nà kìíní, Lọ́ńdọ̀nù ni Danford ti mọ ère náà ní 1951, bẹ́ẹ̀ Àdúgbò Igun, níbi tí wọ́n ti ń da idẹ fún ọba láti ayébáyé, kò jìnnà sí ojúbọ náà. Ìlú tí ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì kó idẹ rẹ̀ lọ ní 1897 ló wá ń gba idẹ láti Lọ́ńdọ̀nù. A kò fi èyí bu Danford kù, ọba ló gbé iṣẹ́ fún un. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí olùkọ́ gbé ọ̀rọ̀ náà síwájú akẹ́kọ̀ọ́.

Èkejì ló ká wa lára jù. Wọ́n ní Emotan a máa bá àwọn ọlọ́jà tọ́jú ọmọ títí wọn yóò fi tajà tán. Obìnrin kan ṣoṣo tó dá dúró ni ère fi hàn wá. Olùtọ́jú ọmọ kò sí níbẹ̀. Ẹni tó bá sì ní àwọn míṣọ́nnárì ló kọ́kọ́ kó ọmọ kékeré jọ tọ́jú nílẹ̀ wa kò tíì gbọ́ ìtàn yìí.

A dá a lábàá pé kí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ọmọ kékeré ní àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì wa mú akẹ́kọ̀ọ́ lọ sí ìdí ère náà, kí wọ́n sì bi àwọn ìyá ọlọ́jà ibẹ̀ léèrè ohun tí wọ́n mọ̀ nípa Emotan, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀.