Ta Ló Sọ Léfíátánì Di Sátánì?

Ní òru àdúrà, a máa ń de "ẹ̀mí Léfíátánì" mọ́lẹ̀. Ó dáa, kí ni Bíbélì Hébérù sọ gan-an? Ní Sáàmù 74, Ọlọ́run fọ́ àwọn orí ẹranko òkun yìí. Àìsáyà 27 ní yóò fi idà pa á. Àmọ́ Sáàmù 104 ní Ọlọ́run ló dá a kó máa ṣeré lókun. Ní Jóòbù 41, Ọlọ́run ń fi í yangàn. Kò síbì kan tí wọ́n ti pè é ní Sátánì. Inú Májẹ̀mú Tuntun, ní Ìfihàn 12, ni wọ́n ti wá pe dírágónì olórí méje ní Sátánì.

Àwa tí wọ́n fi Èṣù tú Sátánì fún, ó yẹ ká fura. Ohun tó ń bani lẹ́rù lè jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ Ọlọ́run.