Ta Ni "Wọ́n"?

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, mo ní ẹ̀bẹ̀ kan. Ẹni tó bá ṣì ní ẹ̀dà ìwé wa tó jáde kẹ́yìn lọ́wọ́, kó jọ̀ọ́ bá mi fi bíírò pa ìlà kẹta nínú ewì mi rẹ́. Ìlà náà ni: "Ọkàn mi jẹ́ jíjí láti ọwọ́ rẹ." Nígbà tí mo kọ ọ́, orí mi wú, mo rò pé mo ti rí ohùn tuntun. Ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ń gbé yàrá kà á, ó ní, "Ta ló túmọ̀ ẹ̀?" Mo ní èmi ni mo kọ ọ́, kì í ṣe ìtumọ̀. Ó ní, "Irọ́ ni jàre. Gẹ̀ẹ́sì ni eléyìí, aṣọ Yorùbá lo kàn wọ̀ fún un." Ọjọ́ méjì ni mi ò fi bá a sọ̀rọ̀. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni mo lọ sí Ẹ̀pẹ́, ibẹ̀ ni ojú mi ti là.

Ìkòròdú ni ilé wa, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn Ẹ̀pẹ́ ni bàbá tó bí bàbá mi ń gbé, tí wọ́n ń dáko ẹ̀gẹ́. Ọkọ̀ tó ń gba Ìmọ̀ta àti Ìtòkín kọjá ni mo máa ń wọ̀ lọ síbẹ̀. Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, Bàbá ò jẹ́ kí n mu omi tán. Wọ́n mú mi lọ sóko, wọ́n sì fi pátákó kan hàn mí tí wọ́n jí lówùúrọ̀ ọjọ́ kan tí wọ́n bá nínú ẹ̀gẹ́ wọn. Wọ́n ní, "Akọ̀wé, ka nǹkan yìí fún mi." Lẹ́tà gàdàgbà gàdàgbà ni: THIS LAND HAS BEEN ACQUIRED. Kò sí orúkọ, kò sí nọ́ńbà fóònù, kò sí òǹtẹ̀.

Mo ní, "Bàbá, wọ́n ní wọ́n ti gba ilẹ̀ yìí."

"Àwọn wo?"

Mo tún wo pátákó. Pátákó ò sọ. Mo yí i padà: "Ohun tí wọ́n kọ ni pé, A ti gba ilẹ̀ yìí."

"Ẹ ti gbà á? Ìwọ àti ta ni?"

Òógùn bo mi. Mo wá gbé Yorùbá yunifásítì jáde: "Ilẹ̀ yìí ti jẹ́ gbígbà."

Bàbá wò mí títí. Wọ́n ní, "Ṣé ohun tí bàbá rẹ ń sanwó ilé ìwé lé lórí nìyẹn?"

Irú gbólóhùn tó wà lára pátákó yẹn ni wọ́n kọ́ wa ní sẹ́kọ́ńdìrì tí wọ́n pè ní passive. Ẹ rántí iṣẹ́ àṣetiléwá: "The boy killed the snake." Yí i padà: "The snake was killed by the boy." A gba máàkì, a lọ sílé. Ohun tí tíṣà ò sọ ni pé ẹ lè fi ọ̀bẹ gé "by the boy" dànù, gbólóhùn náà á ṣì dúró gbọin. Ejò ti kú, kò sí ẹni tó pa á. Yorùbá ò gbà bẹ́ẹ̀. "Pa ejò" kò pé. Ẹnìkan gbọ́dọ̀ jókòó sórí àga olùwà kí ọ̀rọ̀-ìṣe tó lè jáde. Tí a ò bá mọ ẹni náà, a ó fi "wọ́n" tàbí "a" jókòó síbẹ̀ dè é. Àga yẹn kì í ṣófo. Ìdí nìyẹn tí Bàbá fi mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé ẹnìkan wà ńbẹ̀, tí wọ́n sì fẹ́ mọ orúkọ rẹ̀. (Ẹ kíyè sí i pé "wọ́n" náà ni mo ń pe Bàbá láti òkè wá. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo la fi ń bọ̀wọ̀ fún àgbà, tí a tún fi ń pe olè tí a ò rí ojú rẹ̀.)

Ẹ wò ó nínú ìgbésí ayé wa ojoojúmọ́. "Your account has been debited." Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ tutù bí omi àmù. Ẹ wá túmọ̀ rẹ̀ fún ìyá mi ní ọjà: "Wọ́n ti yọ owó yín." Ìyá mi á pariwo "Àwọn ta ni!", gbogbo ọjà á sì gbọ́. Owó ò pọ̀ sí i, kò dín kù, ṣùgbọ́n ní èdè kan ìsọfúnni ni, ní èkejì ẹ̀sùn ni. "You will be contacted" ńkọ́? Mo ṣì ń retí ẹni tó máa kàn sí mi láti ọdún tó kọjá.

Ó wá ní ibi tí Gẹ̀ẹ́sì kì í ti í gé "by" dànù. Ẹ lọ ka òkúta tí wọ́n máa ń rì mọ́ ara ilé ìjọba. "Was commissioned by His Excellency", orúkọ á tẹ̀ lé e, oyè á tẹ̀ lé orúkọ. Ilé iṣẹ́ ìrẹsì tó wà ní Ìmọ̀ta, tí mo máa ń rí tí mo bá ń lọ, gbogbo èèyàn ló mọ̀ pé Ààrẹ Buhari ló ṣí i ní 2023. Tó bá jẹ́ ohun iyì, olùṣe á wà ńbẹ̀ tòun ti fìlà. Tó bá jẹ́ ohun ìrora, ilẹ̀ á kàn "been acquired".

Ilẹ̀ gan-an ni mo fẹ́ dúró lé díẹ̀. Òfin Lílo Ilẹ̀ ti 1978, tí ìjọba ológun Ọbásanjọ́ gbé jáde, sọ níbẹ̀rẹ̀ pé gbogbo ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ti di "hereby vested" lọ́wọ́ gómìnà. Ta ló gbé e lé e lọ́wọ́? Kò sí nínú gbólóhùn. Ní Yorùbá, ẹ ò lè sọ ọ́ láìjẹ́ pé ẹ gbé ẹnìkan síbẹ̀: ìjọba ológun ló gbé ilẹ̀ lé gómìnà lọ́wọ́. Òfin kan náà ní tí gómìnà bá gba ilẹ̀ lọ́wọ́ ẹni, kí wọ́n sanwó irè oko tó wà lórí rẹ̀. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ ta ni Bàbá fẹ́ lọ gba owó ẹ̀gẹ́? Ìjọba lè ló ni pátákó, ilé iṣẹ́ kan lè ni, ọmọ onílẹ̀ lásán náà sì lè ni. Gbólóhùn yẹn bá gbogbo wọn mu, ìyẹn ló ṣe wúlò fún wọn.

Mi ò ní parọ́ pé àwa Yorùbá kì í fi ara pamọ́ sínú gbólóhùn o. Ọmọ tó bá fọ́ àwo kì í sọ pé "mo fọ́ àwo". Á ní "àwo ti fọ́", bí ẹni pé àwo ló pinnu. Tí ìyá rẹ̀ bá fojú mọ́ ọn, á ní "ó fọ́ mọ́ mi lọ́wọ́". Mo fẹ́ràn gbólóhùn yìí gan-an: ọwọ́ wà ńbẹ̀, ẹ̀bi nìkan ló ń sá. Nígbà tí Ààrẹ Tinubu sọ ní 29 oṣù karùn-ún 2023 pé "fuel subsidy is gone", àwo ti fọ́ ni mo gbọ́. Owó ìrànwọ́ epo fẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ. "A" náà láàbò tirẹ̀. Òun ni àwọn Àjàyí Crowther tó túmọ̀ Bíbélì fi sí ọ̀pọ̀ ibi tí Gẹ̀ẹ́sì ti gbé olùṣe pamọ́, ó sì dùn létí, torí a mọ̀ pé Ọlọ́run ló wà lẹ́yìn "a" yẹn. Lẹ́yìn pátákó ńkọ́?

Ẹ̀yin akéwì, ẹ̀yin ni mo ń bá wí, èmi náà sì wà níbẹ̀. Nínú ẹ̀dà tó kọjá, ẹnìkan nínú wa kọ pé "ìlú wa ti jẹ́ bíbàjẹ́ láti ọwọ́ àwọn aṣáájú". Ewì ìbínú ni, ṣùgbọ́n ìbínú ti tutù kó tó dé ọ̀dọ̀ àwọn aṣáájú tó jókòó sí ìdí gbólóhùn. "Àwọn aṣáájú ba ìlú wa jẹ́" kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Tí ẹ bá sì fẹ́ kí ìlú ṣíwájú, "ni" ń bẹ fún yín lọ́fẹ̀ẹ́: "Ìlú wa ni wọ́n bà jẹ́." Ìlú bọ́ síwájú, olùṣe ò kúrò lórí àga. "Láti ọwọ́" dára lẹ́yìn ìwé, níbi tí orúkọ òǹkọ̀wé máa ń wà. Ẹ jẹ́ kó jókòó síbẹ̀.

Ìlà kẹta tèmi, lẹ́yìn tí ẹ bá ti pa á rẹ́, ẹ kọ èyí sí i: "O jí ọkàn mi." Ó kúrú, ó sì ń tì mí lójú díẹ̀, torí ẹni tí mo kọ ọ́ sí máa mọ̀ ara rẹ̀ báyìí.

Kí n tó kúrò lóko lọ́jọ́ yẹn, Bàbá fún mi ní èédú. Wọ́n ní kí n kọ ọ́ sábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì yẹn ní lẹ́tà tó tóbi bí tiwọn: TA NI YÍN? Mo padà lọ ní ọjọ́ Àjíǹde. Èédú ti ń ṣí, pátákó ṣì dúró, Bàbá sì ń gbin ẹ̀gẹ́ yí i ká.