Ojú Aláìsàn Ló Ń Yan Abẹ́rẹ́

Ẹni tó bá rí arúgbó tó ń fojú ara rẹ̀ wá ọ̀nà lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ kátárákìtì yóò yin ọwọ́ tó yọ kurukuru funfun kúrò nínú ẹyinjú. Èmi tí mò ń ṣe iṣẹ́ náà mọ̀ pé kí ọ̀bẹ tó kan ojú ni iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀: ọ̀nà wo la ó gbà tí ojú yìí kò fi ní mọ ìrora? Ibẹ̀ ni mo fẹ́ràn jù.

Ṣáájú ọdún 1884, ọ̀pọ̀ aláìsàn ni wọ́n ń dì mú lórí bẹ́ẹ̀dì. Ọdún yẹn ni Carl Koller, ọ̀dọ́ dókítà kan ní Vienna, fi hàn pé omi kokéènì tí a bá kán sójú ń mú kó kú. Láti ìgbà náà, ọ̀nà ti di púpọ̀.

Télọ̀ gidi kì í gé aṣọ láìwọn oníbàárà; èmi náà kì í yan ọ̀nà láìkọ́kọ́ bi aláìsàn léèrè. “Bàbá, ṣé ẹ lè dùbúlẹ̀ gbalaja kẹ́ ẹ má wúkọ́?” Ṣé wọ́n ń gbọ́ràn dáadáa? Ṣé wọ́n ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì? Báwo ni ẹyinjú ṣe gùn tó?

Ẹni tó fara balẹ̀, tí a ó fi ẹ̀rọ yọ kátárákìtì rẹ̀ láti ojú ihò tí kò ju mìlímítà 3 lọ, oògùn ìkánsójú lè tó o. Ṣùgbọ́n kátárákìtì tó ti gbó, tó ti le, ló pọ̀ nílé ìwòsàn wa; ihò rẹ̀ á tó mìlímítà 6 tàbí 7, ìkánsójú nìkan kò sì ká a. Abẹ́rẹ́ gígùn tó ń lọ sẹ́yìn ẹyinjú lágbára, àmọ́ bí ẹyinjú bá gùn ju mìlímítà 26 lọ, ṣóńṣó rẹ̀ lè gún un. Ó sì lè ba iṣan ẹ̀jẹ̀ jẹ́.

Ìdí nìyí tí mo fi nífẹ̀ẹ́ sí ọ̀nà tí a ń pè ní sub-Tenon. Mo kán oògùn sójú ọ̀tún ìyá kan. “Ìyá, ẹ bá mi wo òkè, lápá ọ̀tún.” Nísàlẹ̀ lápá imú, ní nǹkan bíi mìlímítà 5 sí etí dúdú ojú, mo fi ẹ̀mú gbé awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, mo gé e díẹ̀, mo la ọ̀nà títí mo fi kan funfun ojú gan-an. Kánúlà tó tẹ̀, tí ẹnu rẹ̀ kò mú, á wá rọra tẹ̀lé ìyípo ẹyinjú lọ sẹ́yìn. Lidocaine, oògùn tó ń pa ìrora, mílílítà 3 sí 4, á wọlé díẹ̀díẹ̀. Láìpẹ́, mo ní kí ìyá wo òkè, wo ìsàlẹ̀. Ojú ò fi bẹ́ẹ̀ yí mọ́. Ojú lè pọ́n fún ọjọ́ mélòó kan, mo sì máa ń sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn ṣáájú. Nọ́ọ̀sì á di ọwọ́ wọn mú lábẹ́ aṣọ: bí ikọ́ bá fẹ́ wá, wọ́n á fún un lọ́wọ́, èmi náà á dáwọ́ dúró.

Ọmọdé àti ẹni tí kò lè dúró jẹ́ẹ́ rárá, a ó kun wọ́n lóorun.

Àwọn dókítà tó ń kọ́ṣẹ́ máa ń béèrè èyí tó dára jù. Mo ní kí wọ́n kọ́ gbogbo rẹ̀ títí yóò fi mọ́ wọn lọ́wọ́. Ẹni tó mọ ọ̀nà kan ṣoṣo kò yan nǹkan kan. Ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe ló ń gbé ka aláìsàn lórí.